Iná Tí Kò Parọ́ fún Aṣọ

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Kàbà,
ojú mi mọ irọ́ tí gílóòbù máa ń pa.
Aró á dúdú bí ìdí ìkòkò nínú ṣọ́ọ̀bù;
gbé e dé ẹnu ọ̀nà, á jẹ́wọ́.
Ìdí nìyẹn tí mo fi di àjákù aṣọ mẹ́ta sínú báàgì
lọ́jọ́ tí mo lọ ra iná fún omi Arómọ́kẹ́yẹ.

Ọmọ ti lọ kàwé ní Sáríà. Ó fi àpótí gíláàsì sílẹ̀ fún mi,
ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́sàn-án, iyanrìn odò Oyi,
àti ewé tó fà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò lẹ́bàá afárá.
“Ìyé, àwọn ewé yẹn ń kú. Wọn ò ríná tó.”
Bó ṣe sọ ọ́ lórí fóònù, àfi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀.

Méjàbí pàtẹ iná sórí káńtà bí ẹni pàtẹ ẹja gbígbẹ.
Àkọ́kọ́ pupa mọ́ búlúù, ó ń ṣẹ́jú bí ọkọ̀ ọlọ́pàá.
“Èyí làwọn ọmọ ìsinsìnyí ń rà. Ẹ wò ó bó ṣe ń dán!”
Mo na àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé mi sábẹ́ rẹ̀.
Aṣọ di ẹ̀dọ̀ àná.
Mo ní, Méjàbí, ẹja tó bá jí sábẹ́ èyí
á rò pé òun ti kú, òun ti dé ọ̀run,
ọ̀run ọ̀hún kò sì dára.
Ó tan èkejì: funfun báláú, funfun ilé ìwòsàn,
aṣọ pupa mi ń wò mí bí aláìsàn.
Ìkẹta ló bẹ̀rẹ̀ mú lábẹ́ káńtà, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀ dànù;
kò gùn ju rúlà ọmọ ilé-ìwé lọ.
Abẹ́ rẹ̀ ni ewé ti jẹ́ ewé,
tí pupa rántí orúkọ ara rẹ̀.

Ó ku ká mọ̀ bóyá agbára rẹ̀ lè dé ìsàlẹ̀.
Mo ti fi téèpù ọrùn mi wọn omi nílé:
ínǹsì mẹ́rìnlá, láti ojú rẹ̀ dé iyanrìn.
Méjàbí bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ fẹ́ rán bùbá fún omi ni?”
Mi ò dá a lóhùn.
Aránṣọ kì í fojú díwọ̀n ara ẹlòmíràn.

Wọ́n ní ojúoró ní í lékè omi,
òṣíbàtà ní í lékè odò.
Àdúrà rere ni, mo ti ṣe àmín sí i títí.
Àmọ́ nígbà tí mo délé, tí mo tẹjú mọ́ gíláàsì,
ojúoró ti tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní sójú omi,
àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń na ọrùn,
wọ́n pọ́n bí ìwé àtijọ́.
Ta ní ń ṣàdúrà fún ẹni tí wọ́n lékè rẹ̀?
Mo fọwọ́ kó ìdajì ojúoró dà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Bátìrì oòrùn ni mo so iná náà mọ́, nítorí NẸ́PÀ
(ká má dárúkọ wọn nídìí ohun ẹlẹ́mìí).
Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo ṣàṣejù, mo ń tàn án mọ́jú;
òkúta yọ̀ bí ilá,
irun tútù hù lára gíláàsì bí irùngbọ̀n.
Iná àpọ̀jù, òṣì lòun náà.
Wákàtí méje péré ni mo wá fún un.

Báyìí, bí oòrùn bá ti ń bọ́ sẹ́yìn òkè,
ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í tú èémí,
róbótó-róbótó, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan,
ìlẹ̀kẹ̀ tí abẹ́rẹ́ mi ò lè rán mọ́ aṣọ.
Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Sáríà.
Ó béèrè: “Ìyé, irú iná wo lẹ rà?”
Mo ní, èyí tí kò parọ́ fún aṣọ.

Aago mẹ́wàá ti lù. Mo ti pa á. Mo ṣì jókòó.
Nínú òkùnkùn, ẹja kan ta omi: pó.
Ọ̀kun o, ni mo wí.
Ọ̀kun.